Bí A Ṣe Ń Jẹun ní Ilé Oúnjẹ Éṣíà Inú Ṣọ́ọ̀bù Ńlá Lọ́ńdọ̀nù

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ pọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Bí òbí tàbí ẹ̀gbọ́n bá lọ kí wọn, wọ́n lè mú un lọ sí ṣọ́ọ̀bù ńlá àwọn olówó, bíi Harrods ní Knightsbridge, tàbí Selfridges tó ti wà ní Oxford Street láti 1909. Aṣọ, lọ́fínńdà àti góòlù ni wọ́n ń tà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ilé oúnjẹ tún wà nínú ilé kan náà. Àwọn kan nínú wọn máa ń kó oúnjẹ Jàpáànù, Ṣáínà, Tàìláńdì àti Kòríà pọ̀ sórí mẹ́nù kan ṣoṣo. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú dání lọ ni pé oúnjẹ àjọjẹ ni oúnjẹ yìí. Ẹni tó bá ra tirẹ̀ lọ́tọ̀ á náwó gan-an, kò sì ní mọ adùn rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ gba àyè sílẹ̀. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń ṣe é, ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ á sì béèrè nọ́ńbà káàdì báńkì. Bí ẹ bá gba àyè tí ẹ kò sì yọjú, wọ́n lè yọ owó nínú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń fẹ́ jáde lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, ẹ fetí sí èyí: láti 1994 ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ní kí ṣọ́ọ̀bù ńlá má ṣe tajà ju wákàtí 6 lọ lọ́jọ́ Àìkú, láàárín aago 10 àárọ̀ sí aago 6 ìrọ̀lẹ́. Ilé oúnjẹ inú rẹ̀ lè ní aago tirẹ̀, nítorí náà ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó kúrò nílé.

Ní ti aṣọ, ìró àti bùbá tó mọ́ tónítóní ti tó. Ẹni tó bá wọ agbádá, kó ká apá rẹ̀ sórí èjìká kó tó nawọ́ sí oúnjẹ, torí àwo ọbẹ̀ kéékèèké máa ń kún orí tábìlì.

Bó bá jẹ́ ọmọ ni yóò sanwó, ẹ jẹ́ kẹ́ ẹ ti jọ sọ ọ́ nílé. Àgbà tó bá rí iye owó lórí mẹ́nù lè sọ pé omi lásán ló tó òun, inú ọmọ á sì bàjẹ́. Ẹ ní kí ọmọ yàn, kí ẹ̀yin sọ ohun tí ẹ kì í jẹ nìkan.

Ẹ sọ ọ́ fún wétà náà, kí wọ́n tó gbé ohunkóhun wá. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ máa ń wà nínú dim sum, ìyẹn àwọn ìdì kéékèèké tí wọ́n fi ìyẹ̀fun wé tí wọ́n sì sè lórí ooru. Mùsùlùmí gbọ́dọ̀ béèrè ìyẹn, kó sì tún béèrè nípa ọtí, nítorí àwọn ará Jàpáànù máa ń fi ọtí ìrẹsì sínú ọbẹ̀ wọn. Ẹni tí edé, ẹ̀pà tàbí yánmọtí ń bá jà, kó má fi pamọ́ rárá. Òfin ibẹ̀ là á kalẹ̀ pé ilé oúnjẹ gbọ́dọ̀ lè sọ èyí tó wà nínú oúnjẹ wọn lára oríṣi nǹkan 14 tó máa ń bá ènìyàn jà. Kò sí ìtìjú nínú bíbéèrè.

Wàyí o, kí lẹ máa rà? Bí ẹ bá jẹ́ mẹ́rin, ẹ kọ́kọ́ mú nǹkan kéékèèké mẹ́ta: agbọ̀n dim sum kan, sushi kan (mo máa tó ṣàlàyé rẹ̀), àti edamame, ìyẹn sóyà tútù tí wọ́n bọ̀, tó ṣì wà nínú èèpo. Ẹ fi eyín fa ẹ̀wà inú rẹ̀ jáde, kí ẹ da èèpo nù. Ẹ béèrè iye ẹyọ tó wà nínú agbọ̀n dim sum, torí mẹ́ta péré ló máa ń wà nínú àwọn kan. Lẹ́yìn náà, ẹ mú ẹran tàbí ẹja ńlá kan, núdù kan, àti ìrẹsì. Owó ìrẹsì sábà máa ń wà lọ́tọ̀. Bí kò bá tó, ẹ tún pè é. Ohun tí ẹ bá ti rà kò ṣeé dá padà, ṣùgbọ́n àfikún kò ṣòro.

Gbogbo sushi kọ́ ni ẹja tútù tí wọn kò sè. Ìrẹsì tí wọ́n pò mọ́ fínígà ni sushi. Edé bíbọ̀ tàbí ẹyin wà lórí òmíràn. Sashimi ni ẹja tútù gan-an. Bí ẹnu yín bá fẹ́ ata, tom yum ará Tàìláńdì ni kí ẹ mú, ọbẹ̀ tó kan tó sì ta. Ewé tíì tó wà lẹ́yìnkùlé ọ̀pọ̀ ilé nílẹ̀ wa ló ń mú òórùn rẹ̀ dùn. Rendang náà dára, ẹran màlúù tí wọ́n sè pẹ́ nínú wàrà àgbọn títí ó fi gbẹ. Tofu kì í sì í ṣe àjèjì: wàrà sóyà tí à ń pè ní bẹ́skè náà ni.

Wasabi, nǹkan aláwọ̀ ewé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sushi, kì í ta bí ata wa. Imú ló ń gbà. Bíńtín ni kí ẹ mú.

Igi ìjẹun méjì ló ń ba ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́rù. Ilé ni kí ẹ ti kọ́ ọ, pẹ̀lú bẹ́skè tí ẹ gé wẹ́wẹ́. Igi àkọ́kọ́ jókòó sí ìdí àtàǹpàkò, ó sinmi lórí ìka òrùka, kì í mira. Ìkejì lẹ ó dì mú bíi bírò, òun ló ń ṣí tó ń pa dé. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ béèrè fọ́ọ̀kì. Wọ́n máa ń fi ọwọ́ jẹ sushi ní Jàpáànù pàápàá, ṣíbí àti fọ́ọ̀kì sì ni wọ́n fi ń jẹ ìrẹsì ní Tàìláńdì.

Èèwọ̀ méjì wà tí mo bẹ̀ yín kí ẹ pa mọ́. Ẹ má ṣe gún igi náà sínú ìrẹsì kó dúró ṣánṣán, torí oúnjẹ òkú ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Ẹ má sì fi igi gba oúnjẹ láti orí igi ẹlòmíràn, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gbé egungun olóògbé ní Jàpáànù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sun ún. Ṣíbí àárín tábìlì ni kí ẹ fi bu oúnjẹ, kì í ṣe igi tó ti kan ẹnu yín. Kí àgbà kọ́kọ́ bù. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe ní Kòríà.

Bí ẹ bá fẹ́ omi, ẹ ní omi ẹ̀rọ lẹ fẹ́. Ọ̀fẹ́ ni níbi tí wọ́n bá ti ń ta ọtí, omi inú ìgò ló ní owó.

Bí wọ́n bá gbé risíìtì wá, ẹ kà á. Owó orí ti wà nínú iye tó wà lórí mẹ́nù, ṣùgbọ́n wọ́n sábà máa ń fi owó ìtọ́jú àlejò kún un, 12.5% ní ọ̀pọ̀ ibi ní Lọ́ńdọ̀nù. Láti oṣù kẹwàá 2024, òfin ti ní kí ó dé ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́. Bó bá ti wà níbẹ̀, ẹ má tún fi owó sílẹ̀ lórí tábìlì, àyàfi tó bá wù yín. Núdù tó bá ṣẹ́ kù, ẹ lè ní kí wọ́n dì í fún yín. Ẹja tútù ní tirẹ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ ti jẹ ẹ́ tán.