Ṣé Ó Yẹ Kí Ẹ Pààrọ̀ Processor Láptọ́ọ̀pù Yín?

Ẹ má tíì náwó o. Bí oníbàárà bá gbé láptọ́ọ̀pù tó ń falẹ̀ wá bá mi, Ctrl, Shift àti Esc ni mo kọ́kọ́ ń tẹ̀ pa pọ̀ kí Task Manager lè ṣí, ibi tí Windows ti ń fi ohun tó ń ṣiṣẹ́ jù hàn. Bí Disk bá wà ní 100% tí CPU (ìyẹn processor, ọpọlọ láptọ́ọ̀pù) kò sì ga, hard disk ló ń fa wàhálà: ẹ fi SSD (ibi ìpamọ́ tó yára ju hard disk lọ) rọ́pò rẹ̀, ẹ fi RAM (ibi tí láptọ́ọ̀pù ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) kún un. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ sábà máa ń parí sí.

Bó bá jẹ́ CPU ló ń kún, ẹ wo lẹ́tà tó gbẹ̀yìn nọ́ńbà processor Intel yín. U àti HQ, wọ́n ti jó o mọ́ bọ́ọ̀dù. Ẹ fi í sílẹ̀. Ti ìran kẹrin (tí nọ́ńbà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 4, bí i5-4300M) tó ní M tàbí MQ ṣeé yọ. ThinkPad T440p ni mo fẹ́ràn jù nínú àwọn láptọ́ọ̀pù tó ń lo irú rẹ̀: ẹ lè yọ i5-4300M tó ní core (ẹ̀yà tó ń ṣiṣẹ́ nínú processor) 2, kí ẹ fi i7-4702MQ tó ní core 4 síbẹ̀. 37W (ìwọ̀n agbára àti ooru wọn) ni àwọn méjèèjì, nítorí náà ooru kò ní dà á láàmú, bí ẹ bá ṣáà fi thermal paste tuntun (ohun tí wọ́n ń fi sórí processor kí ooru lè jáde) sí i. T440 tí kò ní p kò ṣeé yọ rárá.

Bó bá jẹ́ torí Windows 11 ni, ẹ má ṣe é: Microsoft kò fọwọ́ sí ìran kẹrin.