Ẹ Pa Ìwé Dé: Bí A Ṣe Ń Há Ẹ̀kọ́ Sórí Kí Ó sì Dúró

Bí ìdánwò bá ti ń kanlẹ̀kùn ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, àga máa ń wọ́n ní ilé ìkàwé Hezekiah Oluwasanmi. Ọ̀pọ̀ ló ń ka ojú ìwé kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́rin níbẹ̀, tí wọn yóò sì dé gbọ̀ngàn ìdánwò tán tí wọn yóò máa wo àjà. Orí wọn kò bàjẹ́. Àkàtúnkà ló tàn wọ́n jẹ: ojú ti mọ ìwé náà bí ẹni mowó, wọ́n wá rò pé àwọn mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ká dá nǹkan mọ̀ nígbà tí a bá rí i, ọ̀tọ̀ ni. Ká fà á yọ látinú iyè nígbà tí a kò rí i, ọ̀tọ̀ ni. Èkejì ni ìdánwò ń béèrè.

Hermann Ebbinghaus, ará Jámánì, tẹ ìwé jáde lórí ìgbàgbé ní 1885. Ara rẹ̀ ló fi ṣe àyẹ̀wò: ó há àwọn sílébù tí kò nítumọ̀ sórí, ó dúró, ó sì wo bí yóò ti pẹ́ tó kí ó tó tún wọn há. Láàárín wákàtí kan, ó ju ìdajì làálàá rẹ̀ lọ tó ti dànù. Nígbà tí ọjọ́ kan fi pé, bí ìdá kan nínú mẹ́ta ló kù. Lẹ́yìn ìyẹn, ìgbàgbé kò sáré mọ́. Ìdí nìyí tí àtúnyẹ̀wò àkọ́kọ́ kò fi gbọdọ̀ kọjá ọjọ́ kejì.

Àwọn olùwádìí méjì ní Amẹ́ríkà, Roediger àti Karpicke, tún fi nǹkan mìíràn hàn ní 2006. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, àwọn tó ka àyọkà lẹ́ẹ̀mejì ló rántí jù. Nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó kà á lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n pa á dé, tí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rántí sílẹ̀, ló ta wọ́n yọ.

Ó yá, ẹ gé kádíbọ́ọ̀dù sí pélébé, kó tó àtẹ́lẹwọ́. Ìbéèrè níwájú, ìdáhùn lẹ́yìn. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kó wà lórí káàdì kan. “Kọ gbogbo ohun tí o mọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀” kì í ṣe ìbéèrè, wàhálà ni, “Kí ló ń gbé ọ́síjìn kiri nínú ẹ̀jẹ̀?” ni ìbéèrè. Bí kókó méje bá wà lórí káàdì kan, ẹ ó rántí márùn-ún, ẹ ó sì sọ pé ẹ ti gbà á. Káàdì tuntun 10 sí 15 lóòjọ́ ti tó. Ọmọ iṣẹ́ télọ̀ náà lè lò ó: àwòrán ọrùn aṣọ níwájú, bí a ṣe ń gé e lẹ́yìn.

Ẹ wá páálí bàtà, kí ẹ pín in sí yàrá márùn-ún. Sebastian Leitner ló sọ irú àpótí yìí di mímọ̀ ní 1972. Gbogbo káàdì tuntun wọ yàrá kìíní, tí a ń yẹ̀ wò lójoojúmọ́. Ti yàrá kejì, ẹ máa dá ọjọ́ kan sí láàárín. Láti ibẹ̀ lọ, ìṣirò ọjọ́ Yorùbá fúnra rẹ̀ bá a mu: yàrá kẹta lọ́rọọrún, ìyẹn ọjọ́ 4 síra, yàrá kẹrin ní ìsán, ọjọ́ 8, yàrá karùn-ún ní ìtàdógún, ọjọ́ 16. Káàdì tí ẹ gbà bọ́ sí yàrá tó kàn. Èyí tí ẹ kùnà padà sí yàrá kìíní, ì báà ti dé karùn-ún.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ jù ni pé ọwọ́ yá ju ẹnu lọ. Ẹ̀dá á yí káàdì padà, á ní “Ẹ̀n-ẹ́n, mo mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.” Irọ́ ni. Ẹ sọ ìdáhùn síta tàbí kí ẹ kọ ọ́ kí ẹ tó yí i. Bí ọjọ́ bá sì fò yín, ẹ má fi tuntun kún un títí gbèsè yóò fi tán. (Ọmọ awo tó ń kọ́ Ifá ní Òkè Ìtasẹ̀, Ilé-Ifẹ̀, kò nílò páálí kankan: ẹnu olùkọ́ ni wọ́n ti ń gbọ́ ẹsẹ Ifá, ẹnu tiwọn ni wọ́n sì fi ń dá a padà, ojú odù 16 ṣáájú ọmọ odù 240.)

Fóònù ńkọ́? Ivan Pavlov, ará Rọ́ṣíà, fi ìró ṣáájú oúnjẹ ajá léraléra, títí ìró náà nìkan fi ń mú itọ́ ajá dà. Ohun tí ìró fóònù ń ṣe fún wa nìyẹn. Èyí tó tún burú ni pé a kì í mọ ìró tó gbé ọ̀rọ̀ dídùn wá, èrè tí kò ní àkókò ló sì ń mú àṣà le jù. Dídojú rẹ̀ bolẹ̀ kò tó, ẹ gbé e sí yàrá mìíràn. Ẹ má sì kàwé lórí bẹ́ẹ̀dì, nítorí ara ti mọ ibẹ̀ mọ́ oorun. Àga kan náà, àsìkò kan náà, ìṣẹ́jú 25. Bọ́ọ̀lì àti ẹ̀pà yín á tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀, kì í ṣe ṣáájú. Kí ẹ sì sùn, torí ojú oorun ni ọpọlọ ti ń to ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà.

Káàdì tí kò kùnà rárá yóò lo ọjọ́ 31 kó tó jáde ní yàrá karùn-ún. Nítorí náà, ọ̀sẹ̀ márùn-ún ṣáájú ìdánwò ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀. Bó bá ti ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ yọ yàrá karùn-ún kúrò. Ọjọ́ 15 ni mẹ́rin yòókù ń gbà.