Ẹni tó ní "Àgò yà" fún amùjẹ̀: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú kíkọ ẹlẹ́ṣẹ̀ tí a fẹ́ kí wọ́n káàánú

Nínú ìtàn amùjẹ̀, ìyẹn òkú tó ń jí lóru láti mu ẹ̀jẹ̀ alààyè, òǹkàwé kì í pẹ́ mọ ẹni tí yóò bẹ̀rù àti ẹni tí yóò gbè lẹ́yìn. Ẹni tó máa ń bọ́ lọ́wọ́ òǹkọ̀wé ni ẹni kẹta: ìránṣẹ́, onílé tó gbowó, àbúrò tó mọ̀ tó sì dákẹ́. Ó ṣe ohun tí kò dára, síbẹ̀ a fẹ́ kó ṣe òǹkàwé láàánú.

Ká fi àpẹẹrẹ kan sọ ọ́. Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀) ni ìtàn wa ti ṣẹlẹ̀, nítòsí ọ̀kan nínú àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tí àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn tó ti Brazil padà wá, kọ́, tí fèrèsé òkè rẹ̀ kì í ṣí. Làmídì, ẹni ọdún 50, ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà agbo ilé tó kọjú sí i. Òun náà ló ń gba àjọ: ènìyàn 12, 5,000 fàráńkì lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ó ti ná 60,000 náà. Amùjẹ̀ bá a dí i, ohun kan ṣoṣo ló sì bèèrè: bí òun bá dé lóru tí òun ní "Àgò o", kí Làmídì dáhùn.

Òfin pé irú ẹ̀dá yìí kò lè wọlé àfi tí ẹni inú ilé bá kọ́kọ́ pè é wà nínú Dracula, ìwé Bram Stoker tó jáde ní 1897. Lọ́dọ̀ wa, òfin náà tún léwu jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ẹnu wa ti mọ́ ọn. Ta ló ń ronú kó tó ní "Àgò yà, ẹ wọlé"?

Àṣìṣe àkọ́kọ́ ni kí ẹkún ṣáájú ẹ̀ṣẹ̀. Òǹkọ̀wé á bẹ̀rẹ̀ láti orí ikú ìyá Làmídì, á mú un gba ojú ebi, á mú un dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá tó ń lù ú, lẹ́yìn náà ló máa wá jẹ́ kó ṣe ibi. Òǹkàwé tí kò tíì rí ohun tí ènìyàn ṣe kò mọ ibi tí yóò gbé àánú kà. Ṣe ni yóò fura pé wọ́n ń bá òun dúnàádúrà. Ẹ yí i padà. Bí ìtàn yín bá jẹ́ ọ̀rọ̀ 3,000, ẹ jẹ́ kí Làmídì ti dáhùn "Àgò yà" kí ẹ tó dé ọ̀rọ̀ 500. Ẹ jẹ́ kí ọmọbìnrin ilé kejì ti máa rù, kí ọrùn rẹ̀ ti ní ojú egbò méjì, kí ọ̀rọ̀ àjọ tó jáde. Nígbà tí òǹkàwé bá ti bínú tán, tó wá gbọ́ pé 60,000 ni gbogbo rẹ̀, iye yẹn gan-an ni yóò dùn ún. Ìgbà mẹ́ta ni kí Làmídì yọjú, kí gbogbo rẹ̀ má sì ju ọ̀rọ̀ 800 lọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òun ni yóò gba ìtàn lọ́wọ́ olú ẹ̀dá ìtàn.

Èkejì ló ń ba ìtàn amùjẹ̀ jẹ́ jù: kí amùjẹ̀ ti gba ọkàn ìránṣẹ́ pátápátá, tí kò fi mọ ohun tó ń ṣe mọ́. Òǹkọ̀wé rò pé òun fi bẹ́ẹ̀ wẹ̀ ẹ́ mọ́. Àáké ló sọ ọ́ dà. A kì í bínú sí àáké, a kì í sì í káàánú rẹ̀.

Ẹ wo bí Stoker ṣe ṣe Renfield, ìránṣẹ́ Dracula, amùjẹ̀ inú ìwé rẹ̀. Ẹni ọdún 59 ni, ilé ìwòsàn àwọn tí orí wọn kò pé ló wà. Ó ń fi ṣúgà mú eṣinṣin, ó ń fi eṣinṣin bọ́ aláǹtakùn, ó ń fi aláǹtakùn bọ́ ológoṣẹ́. Ó wá tọrọ ọmọ ológbò. Nígbà tí dókítà kò fún un, ó jẹ àwọn ẹyẹ náà ní tútù. Ìwà rẹ̀ kóni nírìíra, òun náà ló sì pe Dracula wọlé. Ṣùgbọ́n nígbà tó rí i pé ojú Mina, obìnrin kan nínú ìwé náà, ti ṣì, tó mọ ẹni tó ń fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, inú bí i. Nígbà tí Dracula padà wá, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dì í mú, títí agbára fi tán nínú rẹ̀ tí ìyẹn sì là á mọ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni àánú ti wá. Wèrè ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ku ibì kan nínú rẹ̀ tí ó lè yàn.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí Làmídì rí i pé òun lè kọ̀. Ní òru kẹta, oorun gbé e lọ, kò dáhùn, amùjẹ̀ sì padà. Làmídì jí, ó rí ẹsẹ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà tó sì yí padà. Ó ti mọ̀ báyìí pé ìdákẹ́jẹ́ tó. Ní òru kẹrin, ó dáhùn, torí owó àjọ oṣù yẹn náà ti ń jò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ "ẹ" àti "o" wá ńkọ́? Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ń fi eré ṣe é, bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ ni èdè wa ti ní ohun tí Faransé kò lè fún wa tán. Ká ní ọmọ Kétu ni amùjẹ̀ náà, ẹni ọdún 22 nígbà tí ogun Dàhòmì fọ́ Kétu ní 1886. Ojú ọmọ ọdún 22 ló ṣì ní, ọjọ́ orí rẹ̀ sì ti kọjá 160. Làmídì tó mọ̀ yóò máa kí i ní "ẹ" bí wọ́n bá ku àwọn méjì. Lójú ará ilé, ó gbọ́dọ̀ máa pè é ní "ìwọ", bí àgbà ṣe ń pe ọmọdé. Ọjọ́ tó bá ṣèèṣì ní "ẹ káàbọ̀" lójú ìyàwó rẹ̀, obìnrin náà yóò wò ó. (Amùjẹ̀ náà yóò dọ̀bálẹ̀ fún ìyá arúgbó ẹni 70 ọdún tí kò tó ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ẹ má fo ibẹ̀ yẹn.) Bí ẹ bá da "ẹ" àti "o" pọ̀ láìnídìí, ẹ ti sọ ohun èlò tó dára jù nù. Torí lálẹ́ tí Làmídì bá yí ọkàn padà, kò nílò ọ̀rọ̀ gígùn: "Mi ò dá ọ lóhùn mọ́." "Ọ" yẹn ti tó.

Ẹ má sì pe amùjẹ̀ ní àjẹ́. Òkú kọ́ ni àjẹ́, kò sì dúró de "Àgò yà" lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọmọ Kétu tó ti ń wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ láti kékeré mọ bí a ṣe ń tu àwọn ìyá wa lójú. Bí ẹ bá lo orúkọ náà, ọ̀nà àbáyọ tó ti mọ̀ ni yóò máa retí, yóò gbàgbé Làmídì. Bákan náà, ẹ má kọ òru Àjàṣẹ́ bí ẹni pé kò sí Zangbétọ́ àwọn Ègùn tó ń ṣọ́ òru. Ẹ fi í há Làmídì mọ́: Zangbétọ́ ń kọjá, igbe kan ṣoṣo ló kù, kò sì ké.

Kí olú ẹ̀dá ìtàn má bá òǹkàwé dárí ji Làmídì. Níbikíbi tí ẹ bá ti kọ "ó ṣeni láàánú", ẹ fa igi lé e.

Àṣìṣe ìkẹyìn ni ikú ojú ewé tó kẹ́yìn, tí ìránṣẹ́ ń fi ara gba eyín tí wọ́n fẹ́ kì bọ olú ẹ̀dá ìtàn. Ó rọrùn jù. Stoker pa Renfield, ṣùgbọ́n ó pa á pẹ́ kí ìtàn tó parí, ìnira sì ṣì kù níwájú fún gbogbo wọn. Ẹ jẹ́ kí Làmídì yè. Ilẹ̀ ti mọ́, wọ́n ti gbé ọmọbìnrin náà lọ sílé ìwòsàn, àwọn 12 ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú láti gba owó wọn. Ó jókòó sí ipò rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá tó ń ta àkàrà gbé agbada rẹ̀ dé, ó ní "Àgò o". Làmídì la ẹnu, ohùn kò jáde. Ìyá náà dúró sí ìta, ó tún un wí.