Bí Ẹ̀rọ X-ray Onígrating Mẹ́ta Ṣe Lè Túbọ̀ Máa Fura sí Ìtànṣán Tó Yà

Ẹran ara rírọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ gba X-ray dúró. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń ya ìtànṣán kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀, ìyapa tí kì í sábà tó maikiroradian kan (ìdá kan nínú mílíọ̀nù radian, ìwọ̀n igun). Ní 2006, Franz Pfeiffer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Paul Scherrer Institut, Switzerland, fi hàn pé tíúbù X-ray lásán lè ya irú àwòrán yìí bí a bá to grating mẹ́ta (àwo tín-ín-rín tó ní ìlà wẹ́wẹ́ tó tò lọ ní ìdọ́gba) síwájú rẹ̀: G0 nítòsí tíúbù, G1 tó ń dá ìlà ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn sílẹ̀, àti G2 oníwúrà níwájú agbàwòrán. Bí àwòrán bá jáde tó kún fún ariwo (àmì káàkiri tí kì í ṣe ti ohun tí a yà), ọ̀pọ̀ èèyàn á kàn fi àkókò kún un. Ibẹ̀ kọ́ ló yẹ kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ìyapa tó kéré jù tí ẹ̀rọ lè mọ̀ nìyí:

α = p2 ÷ (2π × d) × √2 ÷ (V × √N)

p2 ni àyè láti ìlà kan sí èkejì lórí G2. d ni bí G2 ṣe jìnnà sí G1 tó. N ni gbogbo fótọ́ọ̀nù (hóró ìtànṣán) tí píksẹ́ẹ̀lì kan kà bí a ṣe ń sún G2 díẹ̀díẹ̀, láti ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn. V ni bí ìlà ṣe hàn ketekete tó: ẹ fi ìmọ́lẹ̀ tó ga jù yọ èyí tó kéré jù, kí ẹ wá fi àròpọ̀ àwọn méjèèjì pín in. Ẹ kíyè sí i pé abẹ́ √ ni N wà. Kí ariwo tó dín sí ìdajì, àkókò gbọ́dọ̀ di ìlọ́po mẹ́rin. Ṣùgbọ́n tí V bá kúrò ní 0.2 tó dé 0.3, ó dọ́gba pẹ̀lú kí ẹ sọ àkókò di ìlọ́po 2.25, ohun tí ẹ ń yà kò sì ní gba ìtànṣán kankan kún èyí tó ti ń gbà.

Ẹ jẹ́ ká mú ìtànṣán tí agbára rẹ̀ jẹ́ 25 keV, tí ìgùn ìgbì rẹ̀ (λ) jẹ́ 0.0496 nm, pẹ̀lú G1 tó ń sún ìgbì ní π (ìdajì ìgbì kan), àyè ìlà rẹ̀ (p1) 5 µm. (Níkẹ́ẹ̀lì tó ga tó nǹkan bí 9 µm tàbí sílíkọ́nì nǹkan bí 32 µm á ṣe é.) Ibi tí ìlà ti máa ń hàn jù ni n × p1² ÷ 8λ, níbi tí n jẹ́ 1, 3, 5 bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Tí n bá jẹ́ 5, ó di 315 mm fún ìtànṣán tí kò fẹ̀ lójú ọ̀nà. Ìtànṣán tíúbù ń fẹ̀, nítorí náà bí G1 bá wà láàárín gbùngbùn, G0 sí G1 á jẹ́ 630 mm, G1 sí G2 náà á jẹ́ 630 mm, grating mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á sì ní àyè ìlà 5 µm. Pẹ̀lú V 0.2 àti N 10,000, α jẹ́ nǹkan bí 89 nanoradian (ẹgbẹ̀rún rẹ̀ ni maikiroradian kan), V 0.3 sọ ọ́ di nǹkan bí 60. n = 1 á sọ 630 di 126 mm, α á sì burú ní ìlọ́po márùn-ún bí V kò bá yí padà. Síbẹ̀, bí n ṣe ń ga ni agbára ìtànṣán tí G1 lè bá ṣiṣẹ́ ń há sí i, V ń wálẹ̀, nítorí náà ẹ má kọjá 5 láìwọn V.

Ẹ wọn ariwo kí ẹ tó tún ohunkóhun ṣe. Ẹ ya àwòrán òfìfo méjì (láìsí ohunkóhun lójú ọ̀nà ìtànṣán) tẹ̀lé ara wọn, ẹ yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, ẹ wá wọn bí àwọn píksẹ́ẹ̀lì àárín ṣe tú ká tó, kí ẹ fi √2 pín in, kí ẹ wá sọ ọ́ di igun pẹ̀lú p2 ÷ (2πd). Bí ohun tí ẹ rí bá sún mọ́ ìṣirò òkè yẹn, V tàbí N ló kù láti tún ṣe. Bó bá fi púpọ̀ ju ìṣirò lọ, nǹkan kan ń mì tàbí ń sún, àkókò gígùn kò sì ní wò ó sàn.

Ohun tí ẹ ń yà gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan G1. Bó bá wà ní ìdajì ọ̀nà sí G2, ẹ ti pàdánù ìdajì ìfura ẹ̀rọ. Ìdajì ọ̀nà sí G0 náà, bákan náà ni.

Fólítéèjì ló sábà ń jẹ V run láìjẹ́ pé a mọ̀. Wúrà tó ga tó 50 µm kì í jẹ́ kí 2% ìtànṣán 25 keV kọjá, ṣùgbọ́n ní 40 keV ó ju 25% tó ń já gba inú rẹ̀. Ẹ gbìyànjú 30, 35, 40, 45 àti 50 kV fún àkókò kan náà, pẹ̀lú omi tó nípọn tó ohun tí ẹ fẹ́ yà lójú ọ̀nà ìtànṣán, nítorí òun náà ń yí agbára ìtànṣán padà. Ẹ mú èyí tí V² × N rẹ̀ pọ̀ jù. Ojú V² × N yìí náà ni kí ẹ fi wo ihò G0: bí ihò bá jẹ́ ìdajì àyè ìlà, fótọ́ọ̀nù pọ̀ ṣùgbọ́n ìlà ń ṣú. 0.37 ló dára jù, ó sì fi nǹkan bí 14% ju 0.5 lọ.

Fún títò, ẹ wo ìlà moiré, ìlà fífẹ̀ tó ń yọ nígbà tí ìlà wẹ́wẹ́ méjì bá gorí ara wọn. Bó bá dábùú ìlà grating, grating kan ti yí. Bó bá bá ìlà grating lọ, jíjìnnà àwọn grating síra wọn ni kò tọ́. Ìyípo 1 mrad ń mú moiré tí àyè rẹ̀ jẹ́ 5 mm wá. Bí grating bá yí tó 1.5°, moiré á há ju píksẹ́ẹ̀lì 0.1 mm méjì lọ, ẹ ò sì ní rí nǹkan kan, torí náà ẹ kọ́kọ́ mú un wọlé sí abẹ́ 1°. Lẹ́yìn náà, ẹ sún G2 ní ìṣísẹ̀ mẹ́jọ, 0.625 µm lẹ́ẹ̀kan, ìhà kan náà nígbà gbogbo kí ìdẹra inú ẹ̀rọ (àyè tó ṣẹ́ kù láàárín ẹ̀yà tó ń sún un) má bàa dá sí i. Bí ojìji moiré bá ṣì kù nínú àwòrán ìkẹyìn, àwọn ìṣísẹ̀ yẹn kò dọ́gba.

Ooru ni ọ̀tá tó le jù. Ìdúró alumíníọ̀mù tó ga ní 100 mm ń fi 2.3 µm ga sí i fún ìwọ̀n Celsius kan. Bí ìlà grating bá dùbúlẹ̀, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì àyè ìlà. Ẹ fi ohun èlò kan náà, gíga kan náà, ṣe ìdúró mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ bo gbogbo rẹ̀, ẹ jẹ́ kí tíúbù gbóná délẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì ya òfìfo ṣáájú àti lẹ́yìn.

Bí etí àwòrán nìkan bá burú, gíga wúrà ló fà á. Ihò 2.5 µm nínú wúrà 50 µm ń dí pátápátá fún ìtànṣán tó bá wá láti igun nǹkan bí 2.9°, ìyẹn 31 mm sí àárín lórí G1 tó wà ní 630 mm. Ẹ tẹ grating kọdọrọ kó dojú kọ tíúbù, tàbí kí ẹ fi ohun kékeré sí àárín.

Bí ìyapa bá kọjá 4 µrad sí ìhà kan tàbí èkejì, òǹkà rẹ̀ á yí padà sí òdìkejì, etí egungun á sì dúdú níbi tó yẹ kó funfun. Ẹ ri ohun tí ẹ ń yà sínú omi nínú àpótí tí ojú rẹ̀ tẹ́jú, ìyapa etí á dín kù.