Ìgbà Wo Ló Yẹ Kí Ọmọ Ọwọ́ Bẹ̀rẹ̀ Oúnjẹ? Ìwé Ìtọ́sọ́nà fún Agboolé Àgbẹ̀ ní Èkìtì

Ní ọ̀pọ̀ agboolé ní Èkìtì, ìyá ọmọ nìkan kọ́ ló ń dá ọjọ́ tí ọmọ yóò kọ́kọ́ tọ́ oúnjẹ wò. Ìyá ọkọ á sọ tirẹ̀, aládùúgbò á sọ tirẹ̀, bàbá ọmọ tí ẹkún òru kò jẹ́ kó sùn á ní kí wọ́n kúkú po ògì fún un. Gbogbo wọn ló fẹ́ràn ọmọ náà. Ṣùgbọ́n ẹkún kọ́ ló yẹ kó dá ọjọ́ yìí. Oṣù mẹ́fà gbáko ni. Kó tó pé, ọmú nìkan, láìsí omi, láìsí àgbo. Bó bá ti pé, oúnjẹ tó ki pẹ̀lú ọmú, ẹ má sì jẹ́ kó pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ ka oṣù náà dáadáa

Ibi tí nǹkan ti máa ń wọ́ ni kíkà oṣù. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ oṣù kẹfà kò tíì pé oṣù mẹ́fà. Márùn-ún ló pé. Ẹ mú káàdì àjẹsára rẹ̀, ẹ wo ọjọ́ ìbí tí wọ́n kọ sí i. Ọmọ tí wọ́n bí ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹta yóò pé oṣù mẹ́fà ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án. Ẹ fi báírò kọ ọjọ́ náà sẹ́yìn káàdì, kí ẹ sì sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó máa ń bá yín gbọ́mọ. Bí ọmọ kò bá pé oṣù kí wọ́n tó bí i, nọ́ọ̀sì ni kó bá yín ṣírò tirẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ náà bá pé, ẹ gbé ọmọ lọ sí ibùdó ìlera tó sún mọ́ yín kí wọ́n kán fítámì A sí i lẹ́nu, kí wọ́n sì gbé e lé òṣùwọ̀n.

Ìyá àgbà tó bá ní oṣù mẹ́rin ni àwọn nọ́ọ̀sì sọ fún òun kò purọ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sọ ọ́ nígbà tiwọn: láàárín oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà. Ọdún 2001 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé, lẹ́yìn tí wọ́n ti yẹ ọ̀pọ̀ ìwádìí wò, wá fi í sí oṣù mẹ́fà. Ẹ fi sùúrù àti ọ̀wọ̀ ṣàlàyé èyí fún màmá. Ẹni tó ti tọ́ ọmọ márùn-ún yè kò ní gbọ́ bí ẹ bá ń bá a jiyàn bí ẹni pé kò mọ nǹkan kan.

Bó bá yá jù, bó bá pẹ́ jù

Nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n omi ọmú, bíi 88 ló jẹ́ omi. Ooru oṣù Kejì àti Kẹta tó ń mú gbogbo wa ní Adó àti Ìkéré kò yí èyí padà: ọmọ tó ń mu ọmú dáadáa kò nílò omi mìíràn. Omi tí ẹ bá fún un yóò gba àyè ọmú nínú ikùn kékeré yẹn. Bí ọmọ kò bá sì mu ọmú tó bó ṣe yẹ, ọmú ìyá á bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù. Omi àti àgbo tún lè gbé kòkòrò àrùn wọlé, ìgbẹ́ gbuuru á sì bẹ̀rẹ̀. Ìwádìí ìlera tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà lọ́dún 2018 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, 29 péré ni wọ́n ń fún ní ọmú nìkan. Iye yẹn kéré jù.

Pípẹ́ jù náà kò dára. Inú oyún ni ọmọ ti kó áyọ́ọ̀nù wá, ìyẹn èròjà tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ wà lára, èyí tó kó wá sì máa ń tán lọ bí ó bá ti ń súnmọ́ oṣù mẹ́fà. Ọmú ṣì dára gan-an nígbà náà, ṣùgbọ́n òun nìkan kò tó mọ́. Ọmọ tó di oṣù mẹ́sàn-án láìjẹ oúnjẹ gidi lè gbẹ, kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dínkù, kó má sì mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ ohun tó le ju omi lọ.

Ohun tí ẹ máa rí lára ọmọ

Ọmọ tó ti ṣe tán á lè jókòó bí ẹ bá fi ọwọ́ díẹ̀ gbé e ró, orí rẹ̀ á dúró dáadáa. Bí ẹ bá ń jẹun, ojú rẹ̀ á máa tẹ̀ lé ọwọ́ yín láti inú abọ́ dé ẹnu, á na ọwọ́ sí i. Bí ṣíbí bá kan ètè rẹ̀, á la ẹnu, á sì gbé ohun tó wà níbẹ̀ mì. Kò ní máa fi ahọ́n ti gbogbo rẹ̀ jáde. Eyín kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀rìgì ọmọ lágbára tó láti jẹ oúnjẹ tó rọ̀.

Àwọn àmì kan wà tó máa ń tan ènìyàn jẹ. Ọmọ oṣù mẹ́ta tó ń jẹ ọwọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ bèèrè oúnjẹ. Ọmọ tó tóbi kò dàgbà ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ. Èyí tó ń jí lóru léraléra sì lè wà nínú ìgbà tí ara rẹ̀ ń yára dàgbà: ẹ fún un lọ́mú nígbàkígbà tó bá fẹ́ fún ọjọ́ méjì mẹ́ta, ọmú fúnra rẹ̀ á pọ̀ sí i. Bó bá ń tọ̀ tó ìgbà mẹ́fà lójúmọ́, tó sì ń wúwo sí i lórí òṣùwọ̀n, ọmú ń tó o. Bí kò bá wúwo sí i, ibùdó ìlera ni kí ẹ gbé e lọ kí wọ́n wo bó ṣe ń di ọmú mú. Ògì kọ́ ni oògùn rẹ̀.

Ìyá tó ń lọ sóko tàbí sí ọjà lè fún ọmú sínú ife mímọ́ tó ní ìdérí. Ibi tó tutù nínú ilé ni kí wọ́n gbé e sí, kí wọ́n sì lò ó kí wákàtí mẹ́rin tó kọjá. Ife kékeré àti ṣíbí ni kí wọ́n fi fún un, torí ó ṣòro láti fọ fídà mọ́ délẹ̀.

Ògì tó ki, tó sì ní nǹkan nínú

Ògì ni oúnjẹ tí ọwọ́ wa kọ́kọ́ ń dé, kò sì burú. Omi tó pọ̀ nínú rẹ̀ ló burú. Ẹ bu ògì tí ẹ pò sínú ṣíbí, ẹ yí ṣíbí náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bó bá ṣàn lọ lẹ́ẹ̀kan, ikùn ọmọ á kún, ara rẹ̀ kò ní rí nǹkan jẹ. Ó yẹ kó lẹ̀ mọ́ ṣíbí, kó tó rọra já bọ́.

Ẹ tún wo eèrí tí ẹ ń dà fún ewúrẹ́ lẹ́yìn tí ẹ bá sẹ́ ògì tán. Púpọ̀ nínú ohun tó ń ṣara lóore nínú àgbàdo ló bá eèrí yẹn lọ. Nítorí náà ògì funfun nìkan kò lè tọ́ ọmọ. Sóyà ló wọ́pọ̀ jù tí agboolé àgbẹ̀ lè fi tún un ṣe. Ẹ ṣa sóyà, ẹ sè é nínú omi tó ń hó fún nǹkan bí ìdajì wákàtí, ẹ bó èèpo rẹ̀, ẹ sá a gbẹ, ẹ yan án kó pọ́n díẹ̀, ẹ lọ̀ ọ́ kúnná. Ẹ má lo èyí tí iná kò kàn, torí inú ọmọ kò ní lè dà á. Bí ẹ bá fẹ́ pò ó pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ife àgbàdo mẹ́ta sí ife sóyà kan dára.

Ẹ má dúró sórí ògì. Iṣu tó rọ̀ tí ẹ fi epo pupa díẹ̀ tẹ̀, ẹ̀wà tí ẹ sè tí ẹ sì gbo kúnná, ìrẹsì Ìgbẹ̀mọ̀ tí ẹ sè kó fọ́, ẹ̀fọ́ tí ẹ lọ̀, ìbẹ́pẹ, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, edé tàbí ẹja gbígbẹ tí ẹ yọ egungun rẹ̀ kúrò pátá: gbogbo rẹ̀ ló wà ní àyíká wa. Ẹyin náà ńkọ́? Wọ́n ní ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin á di olè. Ẹyin kì í sọ ọmọ di olè; ara líle ló ń fún un. Ẹ sè é kó jinná, ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú oúnjẹ rẹ̀ láti oṣù kẹfà tó pé. Bí ẹ bá ń fún un ní oúnjẹ tuntun, kó jẹ́ ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ lè mọ èyí tó bá ṣe é.

Ṣíbí méjì sí mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, ló tó fún ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn ọmú. Ẹ máa fi kún un títí yóò fi tó ìdajì ife, ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta. Láti ìgbà tó bá ti pé oṣù mẹ́sàn-án, ẹ̀ẹ̀mẹta sí ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ọmú á sì máa bá a lọ títí di ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan ní oyin, torí kòkòrò àrùn kan lè wà nínú rẹ̀ tó lè rọ iṣan ara rẹ̀. Ẹ̀pà odidi lè há a lọ́fun. Àgbàdo tàbí ẹ̀pà tó ti bu sì ní oró tí iná kò lè pa. Ẹ má rò pé sísè á tún un ṣe, ẹ dà á nù.

Ẹ má rọ oúnjẹ sí ọmọ lẹ́nu

Ọ̀rọ̀ yìí ká wa lára. Wọ́n á tẹ́ ọmọ sórí itan, orí rẹ̀ á fì sẹ́yìn, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ ká a lẹ́nu, wọ́n á da ògì sínú ọwọ́ náà, wọ́n á di í nímú kó lè gbé e mì. Ọmọ á máa ta ẹsẹ̀, á máa ké. Nígbà tí ọmọ bá ń ké, ọ̀nà tí èémí ń gbà ṣí sílẹ̀ gbayawu, ògì sì lè gba ibẹ̀ wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Ọmọ lè kú lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ kó yó. Ẹ gbé e jókòó, kí ojú yín àti tirẹ̀ kojú síra, ẹ fi ṣíbí kékeré bù ú fún un, ẹ bá a sọ̀rọ̀, ẹ dúró dè é. Bó bá yí orí kúrò, ó ti tó nìyẹn. Ẹ tún gbìyànjú nígbà mìíràn. Ọmọ lè kọ oúnjẹ kan lọ́pọ̀ ìgbà kó tó gbà á.

Bí ọmọ bá ń húkọ́ lẹ́yìn oúnjẹ, tí èémí rẹ̀ sì ń yára tàbí tí àyà rẹ̀ ń wọlé, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn ní kíá, ẹ má dúró kí ilẹ̀ mọ́.

Ẹ fi oúnjẹ ọmọ sínú ìṣirò oko

Ọmọ tí wọ́n bí ní oṣù Kẹta bọ́ sí àkókò tó rọrùn: iṣu tuntun ti dé nígbà tó bá pé oṣù mẹ́fà. Èyí tí wọ́n bí ní oṣù Kẹwàá, oṣù Kẹrin ni tirẹ̀ yóò pé, nígbà tí aká ti ń gbẹ, tí ẹ̀wà sì ti wọ́n lọ́jà. Agboolé tí aboyún tàbí ọmọ ọwọ́ bá wà ní láti ro èyí kí wọ́n tó kó gbogbo irè lọ tà.

Kóńgò sóyà méjì yóò gbé ọmọ kan kọjá oṣù mẹ́ta bí ẹ bá ń fi ṣíbí ìjẹun méjì sínú oúnjẹ rẹ̀ lójúmọ́. Ẹ yọ ọ́ sọ́tọ̀ ní oṣù Kọkànlá, pẹ̀lú kóńgò ẹ̀wà díẹ̀. Ẹ sá wọn kí wọ́n gbẹ dáadáa, ẹ dà wọ́n sínú kẹ́ẹ̀gì tó mọ́, tó gbẹ, kí ẹ kún un dé ẹnu, kí ẹ sì dé e pinpin. Kòkòrò tó bá wà nínú rẹ̀ kò ní rí afẹ́fẹ́ mí. Bàbá ọmọ ni kó máa ṣọ́ kẹ́ẹ̀gì yìí, kó má sì tà á bí owó ilé bá tiẹ̀ dínkù. Adìyẹ méjì mẹ́ta tó ń yé lẹ́yìnkùlé yóò sì gbé ẹyin wá, kí wọ́n kọ́kọ́ yọ ti ọmọ sílẹ̀ kí wọ́n tó kó ìyókù lọ sọ́jà.