Kámẹ́rà tí kì í ya fọ́tò: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo

Ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìtumọ̀ ìròyìn ni wọ́n gbé ìròyìn kóòtù kan lé mi lọ́wọ́. Adájọ́ ti pàṣẹ pé "in camera" ni òun yóò ti gbọ́ ẹ̀rí ọmọdé kan. Èmi ọ̀mọ̀wé, mo kọ ọ́ wàràwàrà pé "níwájú kámẹ́rà". Ọ̀gá mi kà á lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n yọ awò ojú wọn, wọ́n ní: "Ohun tí adájọ́ ní kí ojú má rí, ìwọ fẹ́ gbé e sí tẹlifíṣọ̀n?"

Ẹ má ṣe irú rẹ̀ o. Látìnì pọ́ńbélé ni "in camera", ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni "nínú yàrá": wọ́n ti ilẹ̀kùn, èrò ìwòran wà níta. Abala 36 nínú Ìwé Òfin Nàìjíríà ti 1999 ní gbangba ni kí wọ́n ti máa gbọ́ ẹjọ́, ṣùgbọ́n ó gbà kí wọ́n ní kí èrò jáde nítorí ààbò ìlú tàbí nítorí ire ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18. "Ní ìkọ̀kọ̀" ti tó láti fi túmọ̀ rẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ tún ti ń ṣìnà ni pé wọ́n rò pé ẹ̀rọ fọ́tò ló kọ́kọ́ ni orúkọ náà. Ẹ̀rọ ni àbúrò. Àwọn ará Róòmù àtijọ́ gba "camera" lọ́wọ́ àwọn Gíríìkì, àjà tó tẹ̀ bí òṣùmàrè ni wọ́n sì ń pè bẹ́ẹ̀; yàrá tí wọ́n ń sùn, "cubiculum" lorúkọ tirẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ka ìwé Látìnì àtijọ́ kí ẹ máa pe gbogbo "camera" tí ẹ bá rí ní yàrá. Nígbà tó yá ni orúkọ àjà di orúkọ yàrá fúnra rẹ̀. Faransé sọ ọ́ di "chambre", Gẹ̀ẹ́sì gbà á, ó di "chamber": òun ló wà lára pátákó àwọn lọ́yà wa. Àwọn ará Sípéènì fa "camarada" yọ nínú tiwọn, ìyẹn àwọn tó jọ ń sun yàrá kan, ọ̀rọ̀ yẹn ló sì rìn títí tó fi di kọ́múréèdì tí àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ń fi kí ara wọn.

Fọ́tò ńkọ́? Lọ́sàn-án gangan, ẹ fi páálí dí fèrèsé yàrá kan títí yóò fi ṣókùnkùn biribiri, kí ẹ fi ìṣó lu ihò kan ṣoṣo sí páálí náà. Tí oòrùn bá mú dáadáa níta, ẹ ó rí òpópónà lára ògiri tó kọjú sí i: ọlọ́kadà ń lọ, orí rẹ̀ wà nísàlẹ̀, táyà wà lókè. Irú yàrá òkùnkùn yìí ni Johannes Kepler, onímọ̀ nípa ìràwọ̀ ará Jámánì, pè ní "camera obscura" nínú ìwé tó gbé jáde ní 1604. Wọ́n sọ yàrá di àpótí. Nígbà tí wọ́n wá rí kẹ́míkà tó lè mú àwòrán inú rẹ̀ dúró, ní ọ̀rúndún 19, Gẹ̀ẹ́sì gé "obscura" dànù, "camera" ló kù. Kò sí ohun tó kan àwòrán nínú ọ̀rọ̀ náà rárá.

Ìtálì ò bá wọn gé e bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá dé òtẹ́ẹ̀lì ní Róòmù tó ní òun fẹ́ "una camera", kọ́kọ́rọ́ yàrá ni wọn ó nà sí i. "Macchina fotografica" tàbí "fotocamera" ni ẹ̀rọ fọ́tò. Ẹ má sì ṣi "Camera dei Deputati" gbọ́: ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin wọn ni, àwọn 400 ló sì ń jókòó níbẹ̀ láti ìdìbò 2022. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni "camera d'aria", yàrá afẹ́fẹ́. Tíúbù inú táyà ni o.

Ẹ má sì fi ìrísí yan ẹbí fún ọ̀rọ̀. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnìkan tó kàwé dáadáa pé ara "camera" ni wọ́n ti yọ orúkọ Kamẹrúùnù, pé àwọn Potogí kọ́ yàrá sétí odò. Irọ́ ni. Nígbà tí wọ́n dé odò Wouri ní ọ̀rúndún 15, edé ni wọ́n bá níbẹ̀ yamùrá, wọ́n bá pè é ní "Rio dos Camarões", odò edé.