Saa Tatu ní Lamu

Mo ti mọ̀ pé "tatu" ni ẹẹ́ta nínú èdè Swahili. Nítorí náà, nígbà tí bàbá atukọ̀ kan ní èbúté Lamu, ní Kẹ́ńyà, ní ká pàdé ní "saa tatu" kí òun gbé mi lọ sí Takwa, ahoro ìlú àtijọ́ kan, aago mẹ́ta ọ̀sán ni mo yọjú. Bàbá ti dúró dè mí títí láàárọ̀. Láti ìgbà tí oòrùn bá là ni wọ́n ti ń ka aago níbẹ̀: aago méje àárọ̀ ni wákàtí kìíní, aago mẹ́sàn-án sì ni saa tatu.

Mo bẹ̀ ẹ́ gidigidi. Kò bínú, ó kàn nawọ́ sí omi. Òkun ti fà. Ọ̀nà omi tó gba àárín igi ẹ̀gbà lọ sí Takwa ti di ẹrẹ̀. Ó ní ká pàdé lọ́la, saa nne, ìyẹn wákàtí kẹrin.

Mo bá fẹsẹ̀ rìn lọ sí Shela, ìrìn bí ogójì ìṣẹ́jú létí omi. Ọ̀nà ìgboro Lamu há débi pé tí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ bá ru ẹrù bọ̀, àfi kéèyàn fẹ̀yìn ti ògiri. Òkúta inú òkun ni wọ́n fi mọ ògiri ọ̀hún. Mo fọwọ́ kàn án, ihò wínníwínní ló kún ara rẹ̀ bí afárá oyin. Ní 2001 ni UNESCO ti kọ orúkọ ìlú náà mọ́ ogún àgbáyé.

Etíkun Shela gùn tó kìlómítà 12, ó sì pa lọ́lọ́. Òkìtì yanrìn ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń fa omi òjò mu, tó ń tọ́jú rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ fún kànga Lamu. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé sórí yanrìn yẹn, orí omi mímu ìlú ló ń kọ́ ọ sí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ra mbaazi pẹ̀lú mahamri, búrẹ́dì díndín wọn. Mo bu mbaazi ṣíbí kan, mo wò ó dáadáa: òtílí ni! Òtílí wa yìí gan-an, omi àgbọn ni wọ́n fi sè é.

Saa nne, mo fi mẹ́fà kún un, ó di aago mẹ́wàá. Omi ti kún. Takwa wà ní erékùṣù Manda, níbi tí bàálù tó gbé mi wá balẹ̀ sí. Láti ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún làwọn ará ìlú ti kó kúrò níbẹ̀. Igi oṣè ti hù láàárín ahoro ilé, ṣùgbọ́n mọ́sálásí ṣì dúró, pẹ̀lú òpó gíga lórí ògiri tó kọjú sí Mẹ́kà. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ́, n ò fẹ́ dìde.

Bàbá ló wá pè mí. Kò wo aago kankan. Gbòǹgbò ẹ̀gbà ló ń wò, ẹrẹ̀ tútù sì ti ń yọ nídìí wọn.